Omi Tí A Rò Pé Ó Ń Mí

Ilé Lágúnjú,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Ilare,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, Ọdún 1996.

Ẹ̀gbọ́n mi Fàòsíyà, ẹni bí ìyá,

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ kan ni omi kọ́kọ́ yé mi. NEPA ti mú iná lọ, kọ̀ǹpútà ti kú, èmi àti Dókítà Adéagbo, ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní yunifásítì, wá dúró lójú fèrèsé, à ń wo àwọn ènìyàn tó ń jáde láti mọ́ṣáláṣí. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun: ẹnì kan á bọ ẹnì kejì lọ́wọ́, á ní kí Ọlọ́run gbà á, á yọwọ́, á yí sí ẹlòmíràn. Dókítà kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn láti máa wo ìbọwọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Sùmáyà, bí mo bá ya fọ́tò wọn báyìí, báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó ń bọ ẹni lọ́wọ́?" Mo ní màá wo àwọn tó súnmọ́ra. Wọ́n ní, "Ẹni tó kẹ̀yìn sí ọ ńkọ́, tí èjìká rẹ̀ ń kan tìẹ?" Mo ní ìyẹn ò bọ̀ mí lọ́wọ́, àfi tó bá kọjú sí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó tán. O ti mọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi rí. Mólékù ni wọ́n ń pe ẹyọ omi tó kéré jù lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní apá háídírójìn tó fi ń nawọ́ sí ẹlòmíràn. Ìdè háídírójìn ni orúkọ ìbọwọ́ yẹn nínú ìwé. Kò sí èyí tó ń di èkejì mú pẹ́. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti tú, ó ti di ọwọ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí ẹ bá lè dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì, ẹ ó rí àwọ̀n kan tó nà láti etí ife dé etí ife. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a fi jiọ́mẹ́tírì wo àwọ̀n náà, bí mólékù kan ṣe súnmọ́ èkejì tó, bóyá ó kọjú sí i. Lẹ́yìn náà, a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹyọ kan, a ó máa tọ ọwọ́ dé ọwọ́ títí a ó fi padà sọ́dọ̀ ẹyọ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Òrùka kan nìyẹn. Bí òrùka bá ṣe pọ̀ tó, bó ṣe tóbi tó, ni a fi ń mọ bí omi náà ṣe di ara rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gba ojú fèrèsé jáde fún ayọ̀.

Mo mọ̀ pé báírò pupa ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, tí ẹ̀ ń sọ pé ọmọ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láì kí àgbà. Ẹ forí jì mí. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá kí yín tán, àyà mi lè já kí n má sọ ìyókù mọ́ ni. Ó yá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ààwẹ̀ o, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ètè. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn, nítorí mo mọ̀ pé ààwẹ̀ kò ní kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dúró. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín, Bọ̀ọ̀dá Hakeem, wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Roqeeb ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbààwẹ̀ ìdajì ọjọ́, tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun gbà á pé? Ara Ìyá Àgbà le níbí. Wọ́n ní kí n kí yín kí n tó sọ ohunkóhun. Mo ti ṣẹ̀ sí ìyẹn náà.

Ẹ rántí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí yín nígbà tí mo dé láti Liverpool, tí ẹ dá a padà fún mi, tó pupa látòkè délẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n pa adìẹ sórí rẹ̀? Ẹ ní bí n kò bá fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ ò ní fèsì. Inú bí mi nígbà yẹn. Lónìí mo dúpẹ́, nítorí ohun tó wà nínú mi yìí, bí mo bá fi èdè òyìnbó sọ ọ́, á kàn dà bí ìròyìn iṣẹ́ ni. Kò ní dùn mí bó ṣe yẹ kó dùn mí.

Ọ̀rọ̀ Dókítà Adéagbo ni. Dókítà ìwé ni wọ́n o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ wọn fún yín rí: ọmọ Ìpetumodù ni wọ́n, àwọn ni wọ́n gbọ́ Yorùbá mi tó ń tiro lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n sì ní láti ọjọ́ yẹn lọ, òyìnbó parí láàárín àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi, kídìnrín wọn ti dákẹ́ iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ wíwú ṣáájú Kérésì; wọ́n ní bàtà ló há. Kí a tó yí ọdún, ojú náà ti wú. Ẹ mọ ìyókù jù mí lọ. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn oníṣègùn sì ní ara wọn kò gba ìrìn àjò tó jìn mọ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí omi fún wọn: ife kékeré kan lójúmọ́. Ẹni tó ti ń wo inú omi láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, ife kan.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lè yé yín. Kì í ṣe omi inú ife ni à ń wò, ojú ò lè rí i. Kọ̀ǹpútà la fi ń dá omi, àpótí kékeré kan tí mólékù kún inú rẹ̀, tí ètò tí Dókítà kọ ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa rìn. Iṣẹ́ náà máa ń pẹ́, ó lè ṣe ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó parí. NEPA kì í sì í fún wa ní ọjọ́ kan pérépéré. Dókítà ti bá wọn jà kí n tó dé. Wọ́n ṣe ètò náà kó máa fi ibi tí mólékù kọ̀ọ̀kan wà pamọ́ sínú dísìkì lóòrèkóòrè. Bí iná bá lọ tó bá padà, a ó ki dísìkì bọ kọ̀ǹpútà, kálukú á padà síbi tó wà, iṣẹ́ á máa lọ. "Wọ́n lè mú iná mi lọ," Dókítà máa ń wí, "wọn ò lè mú omi mi lọ."

Ṣùgbọ́n dísìkì kò láyè tó. Ibi tí mólékù kọ̀ọ̀kan wà nìkan ló ń gbà. Eré tó ń sá, àti ọ̀nà tó kọrí sí, kò sáyè fún un. Nítorí náà, bí iná bá dé, ètò á pín eré tuntun fún kálukú bí ẹni ṣẹ́ kèké. Á wá sinmi díẹ̀ kí ara gbogbo wọn balẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òrùka padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá, a da ọtí mọ́ omi. Nínú kọ̀ǹpútà ni o! Rasheed tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà kúkú ti ròyìn mi káàkiri pé Alàájà Òyìnbó ń pọn ọtí nínú ààwẹ̀. Ohun tí a rí jọ wá lójú. Àwọ̀n náà á wà pọ̀ dáadáa, á ṣàdédé tú, òrùka ńláńlá á já sí wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á di erékùṣù erékùṣù. Lẹ́yìn náà á rọra so pọ̀. Á pẹ́ díẹ̀, á tún tú. Ó dà bí àyà ẹni tó ń sùn. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo ìwé tí a kà. Dókítà dìde lórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wo ibà ọmọ, wọ́n ní, "Ó ń mí." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ mi tẹ̀lé tiwọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan lókè òkun. Àárín àìsàn yìí ni èsì dé pé àwọn gbà á, àwọn máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, omi náà kò mí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí, àlejò ìjọba kan wá sí ìlú. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gbá títì, wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, NEPA sì ṣe ohun tí mi ò rí rí láti ìgbà tí mo ti dé: iná kò lọ. Ìyá Àgbà ní kí a má pa gílóòbù rárá, kí NEPA má baà rò pé iná ti sú wa. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, ètò náà ń lọ láìdúró, mò ń retí ìmí. Mo retí, retí. Ọwọ́ ń tú, ọwọ́ ń so, bíi ti mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n àwọ̀n náà kò já. Mo rò pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo yẹ ètò náà wò ní ìlà ní ìlà, mi ò rí ohun tí mo fọwọ́ kàn.

Àlejò lọ ní ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọ̀sán, iná ti lọ. Nígbà tó dé, mo ki dísìkì bọ̀ ọ́, mo ní kó máa lọ. Omi tú, ó so, omi bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, tí mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

"Òyìnbó!" Rasheed ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? NEPA ò tó, ìwọ náà fẹ́ di NEPA?"

"Jẹ́ n wo nǹkan kan."

"Kí lo fẹ́ wò lára kọ̀ǹpútà tó ti kú? Ààwẹ̀ yìí ti wọ̀ ẹ́ lọ́pọlọ o. Lọ jẹun, Ọlọ́run á forí jì ẹ́."

Mo ki wáyà padà, mo ki dísìkì bọ̀ ọ́. Omi mí. Mo tún fà á yọ, mo tún dá a padà, omi tún mí. Nígbà tí mo tún na ọwọ́ sí wáyà, Rasheed kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó fa àga, ó jókòó.

Ẹ ro ó báyìí. Àwọn ọmọdé di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń ṣeré. Ẹ ní kí gbogbo wọn sùn níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí ẹ jí wọn, ẹ gbá kálukú nídìí pé kó sáré lọ síbi tó bá wù ú. Ṣé ọwọ́ wọn ò ní já? Ohun tí à ń ṣe sí omi náà nìyẹn nígbàkúgbà tí iná bá dé. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ètò máa sinmi kó tó kà. Ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n fi díwọ̀n ìsinmi yẹn láyé ọjọ́un. Omi tí ọtí wà nínú rẹ̀ máa ń falẹ̀, ara rẹ̀ kì í tètè balẹ̀. Ìsinmi náà kò tó o mọ́. Kí ọwọ́ tó so tán ni a ti ń ka òrùka. Ètò náà kì í sì í sàmì síbi tí iná ti lọ, ó ń so èsì pọ̀ bí ẹni pé kò dúró rí. NEPA la ti ń wọ̀n láti ọdún tó kọjá, tí a ń pè é ní omi.

Mo rò ó títí. Ní Liverpool, kò sí ẹni tó lè ṣe àṣìṣe yìí, nítorí iná kì í lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó yẹ iṣẹ́ wa wò lókè òkun kò fi rí i. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè?

"Ta lo fẹ́ sọ fún?" Rasheed ló bi mí. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ń lọ, Sùmáyà." Kì í pe orúkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi, Òyìnbó ló ń pè mí. "Mo ti gbàgbé ohun tí mo rí lónìí. Ìwọ náà, gbàgbé."

Mi ò lè gbàgbé. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ kí wọn nílé ìwòsàn. Mo mú dàbínù tí mo rà ní Sábó dání, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni, pé èèwọ̀ ni dàbínù fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin náà ìbá pariwo mọ́ mi. Dókítà rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ti wú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ife náà wà lórí tábìlì, wọ́n ń fi ṣíbí mu ún. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò tíì mumi láti àárọ̀, àbí?"

Mo ní, "Ààwẹ̀ ni, sà."

"Èmi náà ti wọ ẹ̀sìn yín nìyẹn. Kìkì pé ààwẹ̀ tèmi kò ní ọdún níparí."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Bóyá kò sí. Wọ́n bu omi díẹ̀ sínú ṣíbí, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Omi náà ga ju etí ṣíbí lọ díẹ̀, kò dànù. Wọ́n ní, "Wò ó bó ṣe di ara rẹ̀ mú." Lẹ́yìn náà wọ́n mu ún, wọ́n pajú dé, wọ́n ní, "Omi wa ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń mí?"

Mo ní, "Ó ń mí, sà."

"Ìgbà wo lo wò ó kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ajé, sà."

Òótọ́ ni, ó mí lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un mí. Ìyá Àgbà ní irọ́ a máa ba ààwẹ̀ jẹ́. Mi ò tíì lè bi wọ́n bóyá irú òótọ́ báyìí náà ń bà á jẹ́.

Wọ́n ní ojú mi kò dáa. Mo ní ebi ni. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò retí. Wọ́n ní màmá àwọn ṣì wà láyé ní Ìpetumodù, ojú ti ń di bàìbàì, etí ṣì ń gbọ́. Ìyá yẹn ta kòkó ọkọ wọn rán ọmọ lọ sílé ìwé, wọn kò sì mọ títí di òní ohun tí ọmọ fi ìwé náà ṣe. "Wọ́n rò pé oògùn ni mò ń pò," ni Dókítà wí. "Nígbàkúgbà tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé, èdè òyìnbó á dí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwọ ń kọ́ Yorùbá lákọ̀tun, o ò tíì ba tìẹ jẹ́. Bí ìwé náà bá dé, jókòó ti Màmá, kí o sọ ọ́ fún wọn pé omi ń mí, ọmọ wọn ló sì kọ́kọ́ rí i."

Mo ní mo gbọ́, sà.

Ìyàwó wọn, Ìyá Mojíre, sìn mí jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn oníṣègùn ti ní kí àwọn máa gbé wọn lọ sílé, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbé wọn lọ sí Ìpetumodù. Mo kí wọn kú ìrọ́jú. Wọ́n ń wo ojú mi títí, wọ́n wá ní, "Ìwé yẹn ló ń jí wọn láàárọ̀, Sùmáyà. Kò sí ẹni tó wá kí wọn tí wọn ò sọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ pé o ní ọ̀rọ̀ tí kò dáa, èmi ni kí o sọ ọ́ fún. Má sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn." Mo ní kò sí nǹkan kan, mà. Kò dá mi lójú pé wọ́n gbà mí gbọ́.

Ohun tó wà níwájú mi nìyí. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti fi ojú ewé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́, pé kí a wò ó bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀, kí a fọwọ́ sí i, kí a dá a padà kí oṣù yìí tó parí. Bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀! Èmi nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ẹ̀rín tí kò dáa. Ọwọ́ Dókítà ń gbọ̀n, wọ́n ti ní kí n fọwọ́ sí i fún àwọn. Bí mo bá fọwọ́ sí i, irọ́ á di títẹ̀, orúkọ wọn ló sì wà níwájú. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí iná kì í lọ nílùú rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ náà, kò ní rí ìmí kankan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, Dókítà kò sì ní sí láyé láti dáhùn. Èmi ni wọ́n á bi. Ṣé èmi ni màá wá máa ṣàlàyé NEPA fún wọn lórí sàréè ọ̀gá mi?

Bí mo bá sọ fún wọn nísinsìnyí ńkọ́? Wọn ò ní bínú sí mi, mo mọ̀ wọ́n. Ọmọ kan ṣe iṣẹ́ kan rí fún wọn, tí èsì rẹ̀ rẹwà jù. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Wọ́n ní, "Omi kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ṣe ni kí o kọ." Bó bá jẹ́ pé wọ́n lára, àwọn gan-an ni wọ́n á ya ìwé náà. Ṣùgbọ́n ara dà? Kí ni wọ́n á fi tún un ṣe? Màá gba ohun kan ṣoṣo tó ń jí wọn láàárọ̀, màá sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan.

Nǹkan kan kù lẹ́yìn tí mo yọ NEPA kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò ní irọ́ nínú: ọtí kò já àwọ̀n omi náà rárá, ó kàn mú ọwọ́ falẹ̀ ni, tí kálukú ń pẹ́ kó tó fi ẹnìkejì sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tó nǹkan tí wọ́n ń sọ fún ìyá arúgbó nípa ọmọ rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti bi Ìyá Àgbà léèrè, mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú ìtàn ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọ́n wá ń bẹ iṣu wọn lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bá mi wí ni tàbí wọ́n ń tù mí nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Hakeem. Ẹ sọ fún Roqeeb pé mo ti tọ́jú ẹ̀bùn ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ààwẹ̀ pé ló máa gbà á. Ẹ kí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta kànkéré, ìpanu Ìlọrin yẹn, mo ṣì rántí èyí tó fi ṣe ènì fún mi. Ìyá Àgbà ní kí ẹ má gbàgbé wọn bí ọdún bá tán, àti pé aṣọ òtútù tí ẹ fi ránṣẹ́ bá wọn mu.

Dírẹ́bà tó ń ná Ìlọrin ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó máa padà ní Ọjọ́bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wá lọ́wọ́ òfo. Bí mo bá ṣe àṣìṣe nínú Yorùbá mi, ẹ fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbé báírò pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì púpọ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn tó ń lọ máa ń béèrè, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́ kí a dáhùn lóòótọ́ àti èyí tí wọ́n kàn ń béèrè kí ẹnì kan lè wà nítòsí. Èmi kò mọ̀ ọ́n.

Mo ti ṣèlérí fún Ìyá Mojíre pé màá bá wọn lọ sí Ìpetumodù ní Sátidé. Ẹ̀yìn mọ́tò lèmi àti Dókítà máa jókòó sí, èmi ni màá di ife omi wọn mú kó má baà dànù lójú ọ̀nà. Ọ̀nà náà kò jìn. Mo mọ̀ pé kí a tó dé, wọ́n á tún bi mí bóyá omi wa ṣì ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n dá wọn lóhùn?

Èmi ni àbúrò yín tó ń wojú ọ̀nà,

Sùmáyà Lágúnjú